Ẹ̀dà Kan Lọ, Ẹ̀dà Kan Kù Nílé: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Gbé Fáìlì Lọ sí Orí Ayélujára

Láyé àwọn baba ńlá wa, bí ọba kan bá fẹ́ bá ẹnìkejì rẹ̀ tí ó wà lọ́nà jíjìn sọ̀rọ̀, ó lè di àrokò ránṣẹ́ sí i. Ẹni tí kò mọ àdéhùn tí ó wà láàárín olùránṣẹ́ àti olùgbà kò lè ka àrokò náà, ìbáà dì í mú lọ́wọ́. Bí a bá sì ti fi àrokò rán ìránṣẹ́, ó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó dì í. Ìtàn tí a fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí jẹ́ ti fáìlì, èyí tí àwa níhìn-ín ń pè ní fichier, àti bí a ṣe ń gbé e láti orí kọ̀ǹpútà kan lọ sí orí òmíràn. Fáìlì jọ àrokò nítorí pé àdéhùn ni ó ń gbé e rìn. Ó yàtọ̀ sí àrokò nítorí pé kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó fi ránṣẹ́: ẹ̀dà rẹ̀ ni ó ń lọ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí ó ń kó ìtàn ìlú rẹ̀ sórí ayélujára ni kò fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí a fi fẹ́ tọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 29, oṣù Kẹwàá, ọdún 1969, kọ̀ǹpútà kan ní yunifásítì UCLA ní ìlú Los Angeles fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òmíràn ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Stanford. LOGIN ni wọ́n fẹ́ tẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà méjì péré, L àti O, ni ó dé kí ẹ̀rọ tó dá iṣẹ́ sílẹ̀. Báyìí ni ARPANET, tí ìjọba Amẹ́ríkà náwó lé lórí, ṣe bẹ̀rẹ̀. Okùn ti so àwọn ẹ̀rọ pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì gbọ́ èdè ara wọn. Bí ẹ̀rọ kan ṣe ń to nǹkan pamọ́ kọ́ ni èkejì ń tò ó. Bí ẹ̀rọ IBM ṣe ń kọ lẹ́tà A sínú ara rẹ̀ kọ́ ni àwọn tí ó ń lo ìlànà ASCII ń kọ ọ́.

Ẹni tí ó kọ àdéhùn àkọ́kọ́ tí yóò pa wọ́n pọ̀ ni Abhay Bhushan, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Kanpur kí ó tó lọ sí MIT ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹrin, ọdún 1971, ìwé rẹ̀ jáde, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 114 nínú ọ̀wọ́ àwọn ìwé tí wọ́n ń pè ní RFC. A File Transfer Protocol ni ó pè é, ibẹ̀ ni lẹ́tà mẹ́ta náà, FTP, ti wá. Ọ̀pọ̀ àtúnṣe ni ó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1983, ARPANET yí padà sí ìlànà TCP/IP tí gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì ń lò títí di òní. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1985, Jon Postel àti Joyce Reynolds gbé RFC 959 jáde, èyí tí ó ṣì jẹ́ ìpìlẹ̀ FTP.

Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ inú àdéhùn yìí kò ṣòro láti lóye. Ọ̀nà méjì ni ó ń là láàárín kọ̀ǹpútà wa àti sáfà, ìyẹn serveur tí ó ń gba ìkànnì lálejò. Ọ̀nà kìíní, tí ó ń gba ojúlé 21, wà fún ọ̀rọ̀. Àlejò yóò fi USER sọ orúkọ rẹ̀, yóò fi PASS fi ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ hàn, yóò sì fi STOR sọ pé: gba ẹrù yìí pamọ́. Sáfà ń fi nọ́ńbà dáhùn: 220 ni ìkíni káàbọ̀, 331 ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, 230 ní kí àlejò wọlé, 226 jẹ́rìí pé ẹrù ti gúnlẹ̀, 530 sì ń sọ fún àlejò pé kò rí àyè wọlé. Ẹrù fúnra rẹ̀ kì í gba ọ̀nà ọ̀rọ̀. Ọ̀nà kejì ni wọ́n ń là fún un.

Àdéhùn náà tún béèrè irú ẹrù tí a ń gbé. Bí a bá pè é ní ọ̀rọ̀ lásán, FTP lè yí àmì òpin ìlà padà kí ó lè bá àṣà ẹ̀rọ tí ń gbà á mu. Bí a bá pè é ní image, ohunkóhun kò gbọdọ̀ yí padà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi fọ́tò tàbí ohùn tí a gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán lè bá a ní ìbàjẹ́ ní òdìkejì. Àwọn àgbà ní iṣẹ́ tí a rán ni là ń jẹ́. Ìránṣẹ́ tí ó fi tirẹ̀ kún un, ó ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Ọ̀pọ̀ sáfà ìgbà náà ṣí ìlẹ̀kùn wọn fún gbogbo ayé. Àlejò kàn ń pe ara rẹ̀ ní anonymous, ẹni tí kò lórúkọ, ó sì ń kó ohun tí ó bá fẹ́ lọ. Ẹrù pọ̀ débi pé ènìyàn kò mọ ibi tí yóò ti wá èyí tí ó ń fẹ́. Ní ọdún 1990, Alan Emtage, ọmọ bíbí erékùṣù Barbados tí ó wà ní yunifásítì McGill ní Montréal, dá Archie sílẹ̀, ẹ̀rọ tí ó ń to orúkọ àwọn fáìlì inú àwọn sáfà wọ̀nyí jọ kí a lè wá wọn rí. Ó ṣáájú Google ní ọdún mẹ́jọ.

Nígbà tí Tim Berners-Lee kéde ìkànnì ayélujára fún aráyé ní ọdún 1991, láti CERN ní ẹ̀bá ìlú Geneva, FTP ti pé ogún ọdún. Ètò tí ó sọ ìkànnì di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀, Mosaic ti ọdún 1993, wà fún kíkà, kò sí fún kíkọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ayé ka ojú-ewé tirẹ̀ ní láti wá ọ̀nà mìíràn gbé e dé orí sáfà, FTP ni ó sì wà nílẹ̀. Báyìí ni àdéhùn àtijọ́ ṣe di ẹnu-ọ̀nà ayélujára tuntun. Ọdún 1995, tí ìpàdé àpérò àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ èdè Faransé wáyé ní Kútọnu, ni íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilẹ̀ Benin. Ní ọdún 2002, okùn abẹ́ òkun SAT-3 dé èbúté wa. Ẹni tí ó fi okùn tẹlifóònù gbé fọ́tò ránṣẹ́ kí ìyẹn tó dé mọ ohun tí sùúrù ń jẹ́.

Ètò tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ fún iṣẹ́ yìí ni FileZilla, tí Tim Kosse, ará Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001. Bí a bá ṣí i lédè Faransé, a ó rí apá méjì: Site local ní òsì, Site distant ní ọ̀tún. Apá méjì yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ ìtàn wa. Ohun tí ó wà ní òsì ni tiwa, nínú ilé wa. Ohun tí ó wà ní ọ̀tún jẹ́ ẹ̀dà, lórí ilẹ̀ onílẹ̀ tí a ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún.

Àwọn tí ó dá FTP sílẹ̀ fọkàn tán ara wọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ aṣínà ń rìn níhòòhò lójú ọ̀nà. Ní ọdún 1995, lẹ́yìn tí àwọn kan jí ọ̀rọ̀ aṣínà lórí okùn yunifásítì rẹ̀ ní Helsinki, Tatu Ylönen ṣe SSH, tí ó ń fi àṣírí bo gbogbo ọ̀rọ̀. Láti inú ilé SSH ni SFTP ti jáde, ojúlé 22 ni ó sì ń gbà. Ní ọdún 2021, Firefox àti Chrome yọ FTP kúrò nínú ara wọn pátápátá.

Èdè wa náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Lẹ́tà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni àdéhùn àtètèkọ́ṣe mọ̀. Oṣù Keje ọdún 1999 ni RFC 2640 gba orúkọ fáìlì láyè ní UTF-8, tí ó ní ẹ, ọ àti ṣ nínú, tí ó sì ní ɛ àti ɔ tí a fi ń kọ Yorùbá ní Benin. Síbẹ̀, ẹ tí ó ní àmì ohùn lórí kò ní ẹyọ àmì kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ kan lè bẹ̀rẹ̀ láti orí àmì ìsàlẹ̀, kí òmíràn bẹ̀rẹ̀ láti orí àmì òkè. Lójú ènìyàn, orúkọ kan náà ni. Lójú sáfà, fáìlì méjì ni. Nítorí náà, ó dára kí a kọ orúkọ fáìlì láìsí àmì, kí a sì kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì.

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá, ọdún 2009, Yahoo ti GeoCities ní Amẹ́ríkà pa, ibi tí àìlóǹkà ènìyàn kó ojú-ewé wọn sí. Àwọn olùfipamọ́ sáré gba èyí tí wọ́n lè gbà. Ẹni tí ó ní ẹ̀dà nílé kò pàdánù ohun púpọ̀; ẹni tí ó gbà pé ayélujára ni ilé òun, òfo ni ó bá.

UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún ìran ènìyàn, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Oríkì, orin àti ìtàn tí a ń gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní Kétu, Ṣábẹ̀ àti Àjàṣẹ́ kò kéré sí irú ogún bẹ́ẹ̀, àgbà tí ó sọ wọ́n kò sì ní padà wá tún wọn sọ. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tọ́jú odindi ẹ̀dà ìkànnì rẹ̀ sí ibi méjì ó kéré tán, yàtọ̀ sí sáfà. Kí ó lé ní ẹnì kan tí ó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà, kí a sì kọ ọjọ́ tí owó sáfà yóò tán sínú ìwé ẹgbẹ́. SFTP ni kí a máa lò. Lọ́dọọdún, kí a ṣí ẹ̀dà tí ó wà nílé, kí a gbọ́ ohùn inú rẹ̀, kí ó lè dá wa lójú pé ó ṣì wà.