Epo Tàbí Ekpo? Ìtàn Kókó Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ̀rọ Ń Ṣọ́, àti Ohun Tí Ó Sọ Fún Alápo Kan ní Tatonnonkon

1. Ìfáàrà

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ta epo pupa ní Tatonnonkon, lábẹ́ kọmúnù Adja-Ouèrè, ní ẹkùn Plateau ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Bí ọjà Ikpinlè bá pé, ibẹ̀ ni ó ń kó bídọ́ọ̀nù lítà 25 rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo wálé fún ìsinmi, ó bi mí bóyá fóònù tí ọmọ rẹ̀ rà fún un lè máa sọ fún un ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa epo ní Cotonou àti ní Èkó. Mo bá a fi orúkọ sílẹ̀ lórí Google Alerts, mo tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: «epo». Ọmọ rẹ̀ ni yóò máa ka ímeèlì náà fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó pè mí.

«Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ bẹntiróòlù ni wọ́n ń kà sí mi létí láti àárọ̀ dé alẹ́. Ṣé mo sọ fún ọ pé kpayo ni mò ń tà?»

Kpayo ni a ń pe bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé wọlé láti Nàìjíríà, tí wọ́n sì ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sì padà lọ wo ohun tí mo tẹ̀. Iṣẹ́ yìí ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé àṣìṣe náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ nìkan. Ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ fún oníṣòwò, lẹ́tà ni ó ń ṣọ́; ìtàn ni ó sì sọ irú lẹ́tà tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ wa.

2. Láti ọwọ́ ènìyàn dé ọwọ́ ẹ̀rọ

Láyé àtijọ́, akéde ni ó ń lu agogo káàkiri abúlé. Títí di òní, gongonneur ni a ń pè é nínú Faransé tiwa. Ọ̀rọ̀ kan náà ni akéde ń sọ fún gbogbo ènìyàn. Iṣẹ́ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín yàtọ̀ sí èyí: ẹnì kan ni ó sọ ohun tí òun fẹ́ gbọ́, a sì ń wá a fún òun nìkan.

Ní Paris, ọdún 1879, Alfred Chérié dá ilé iṣẹ́ Argus de la presse sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ a máa ka ìwé ìròyìn, wọn a gé ibi tí wọ́n ti dárúkọ oníbàárà, wọn a sì fi ránṣẹ́ sí i. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, Henry Romeike ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní London, ó sì gbé e dé New York. Ní ọdún 1958, Hans Peter Luhn ti ilé iṣẹ́ IBM kọ àpilẹ̀kọ kan nípa ẹ̀rọ tí yóò mọ ohun tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nífẹ̀ẹ́ sí, tí yóò fi ọ̀rọ̀ inú ìwé tuntun wé e, tí yóò sì ta onítọ̀hún lólobó. Ní ọdún 2003, Google gbé Alerts jáde. Ohun tí olówó ń sanwó fún ní Paris di ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ó bá ní àdírẹ́sì ímeèlì.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan sọnù lójú ọ̀nà. Ènìyàn tí ń fi àlùmọ́gàjí gé ìwé ìròyìn mọ̀ pé orúkọ kan náà ni, bí akọ̀ròyìn tilẹ̀ ṣi lẹ́tà kan kọ. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé orúkọ kan lè jẹ́ ti ẹni méjì. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́ èyí, ó sì ń kọ́ ọ láti inú èdè tí a kọ púpọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yorùbá ti Bẹ̀nẹ̀ kò sí lára wọn.

3. Àkọtọ́ méjì lórí ààlà kan

Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843. Àkọtọ́ tí ó ti ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì jáde, tí ìpàdé ọdún 1875 ní Èkó sì jíròrò lé lórí, ni Nàìjíríà ń tún ṣe títí di òní. Nínú rẹ̀, lẹ́tà p kan ṣoṣo dúró fún kọ́ńsónáǹtì àfàséfètèpè aláìkùnyùn. Èyí tọ́ nínú Yorùbá, nítorí èdè wa kò ní p lásán tí yóò bá a jà.

Ní ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi ọwọ́ sí ìwé ààlà tí ó pín ilẹ̀ Yorùbá sí méjì. Kétou, Pobè, Sakété àti Adja-Ouèrè bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Ní apá tiwa, Faransé ni èdè ilé ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe kàwé, tí n kò fi lè ka Yorùbá kí n tó wọ yunifásítì. Ní ọdún 1975, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ fún gbogbo èdè orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n tún un yẹ̀ wò ní 1990 àti ní 2008. Èrò náà dára: ẹni tí ó bá kọ́ lẹ́tà èdè kan yóò lè ka òmíràn. Nítorí náà, ẹ di ɛ, ọ di ɔ, ṣ di sh, p sì di kp. Iṣu di ishu. Ẹja di ɛja. Epo pupa di ekpo kpukpa.

Ẹ kíyè sí àpẹẹrẹ tó gbẹ̀yìn yìí. Kò ní àmì ohùn tí a ń kọ sórí, kò sì ní àmì ìsàlẹ̀ kankan. A sábà máa ń dá àmì lẹ́bi bí ẹ̀rọ kò bá rí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Níhìn-ín, kò sí àmì kan tí a lè dá lẹ́bi.

Ìkọ̀wé kẹta tún wà, ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé, tí ó kọ orúkọ ìlú wa bí etí wọn ti gbọ́ ọ. Tatonnonkon ni mo kọ sókè. Tatonnoukon ni ẹ ó rí nínú ìwé mìíràn.

4. Ohun tí a tún ṣe

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé «epo» jẹ́ ọ̀rọ̀ pọ́nna. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ lórí epo ti dópin, «epo» nínú ìròyìn Yorùbá fẹ́rẹ̀ẹ́ di bẹntiróòlù nìkan. Mo yí i padà sí «epo pupa» nínú àmì àyọlò, kí ọ̀rọ̀ méjèèjì lè máa wà pọ̀. Mo fi «ekpo kpukpa» kún un, mo fi «huile rouge» kún un fún Cotonou, mo sì fi àmì ìyọkúrò síwájú «essence». Mo ní kí ó máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ dípò ojoojúmọ́.

Ó tún ní kí n fi ọ̀rọ̀ ààlà sí i. Kò gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 2019, nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni mo ní láti tẹ̀ fún ohun kan ṣoṣo: ààlà, ẹnubodè, bọ́dà, frontière.

Èyí tí ó wúlò jù fún ọjà rẹ̀ ni «huile rouge». Láti inú rẹ̀ ni ó ti rí i pé ìbéèrè àwọn tí ń ra epo ní Cotonou ni bóyá wọ́n bu nǹkan mọ́ ọn. Tẹ́lẹ̀, «produit local» ni ọmọ rẹ̀ ń kọ sórí WhatsApp. Nísinsìnyí, «huile rouge de Tatonnonkon, sans mélange» ni wọ́n ń kọ. Oníbàárà tuntun méjì ti pè é. Kò sọ ọ́ di olówó, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ẹni tí kò tíì rí ń bi í.

Ní ti «ekpo kpukpa», oṣù mẹ́ta kọjá, létà kan kò wá. Ṣé kò sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ epo pupa ní Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀ ni? Ẹ lọ sí Ikpinlè kí ẹ gbọ́. Ohùn ni wọ́n fi ń sọ ọ́, lẹ́nu àti lórí WhatsApp, níbi tí Google Alerts kì í dé. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kọ ọ́, Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́, nítorí òun ni ilé ìwé kọ́ wọn.

5. Ìgúnlẹ̀

N kò sọ pé kí Bẹ̀nẹ̀ kọ àkọtọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo fi ti Nàìjíríà kọ iṣẹ́ yìí nítorí àwọn òǹkàwé tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kì í ṣe nítorí pé ó sàn jù. Àwọn tí ó jókòó ní 1975 ń ro olùkọ́ àti pátákó ìkọ̀wé. Lónìí, ẹ̀rọ náà ti di òǹkàwé, òun sì ni ó ń pinnu ẹni tí alápo yóò gbọ́ àti ẹni tí yóò gbọ́ alápo.

Iṣẹ́ tí ó kù fún wa kò tóbi. Ìyàtọ̀ àkọtọ́ méjèèjì ní òfin: p sí kp, ṣ sí sh, ẹ sí ɛ, ọ sí ɔ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè kọ òfin mẹ́rin yìí fún kọ̀ǹpútà ní ọ̀sán kan, kí ẹni tí ó bá tẹ ọ̀kan lè rí èkejì. Apá tí ó le ni kí a rí ẹni tí yóò kọ ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí mo fẹ́ yọ «ekpo kpukpa» kúrò nítorí pé kò mú nǹkan wá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kọ̀. «Fi í sílẹ̀ níbẹ̀,» ni wọ́n wí. «Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ mọ̀.»