Ifẹ̀ Ni Wọ́n Ti Yọ́ Gíláàsì Ìlẹ̀kẹ̀ Náà

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ kan wo Ilé-Ifẹ̀ yóò rí ẹni tí yóò mú un kiri. Wọn á mú un dé Ẹnuwà níwájú ààfin, wọn á mú un wọ mùsíọ́ọ̀mù tó wà nítòsí ibẹ̀, wọn á dé ìdí Ọ̀pá Ọ̀rányàn ní Mọ̀pà, kí wọ́n tó yà sí ọjà kí àlejò lè ra ìlẹ̀kẹ̀ lọ sílé. Ìdí ìlẹ̀kẹ̀ yìí gan-an ni ìtàn ti máa ń ṣìnà. Ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé Odùduwà ló kó ìlẹ̀kẹ̀ bọ̀ láti Mẹ́kà, tàbí pé òyìnbó ló gbé e dé, pé sínsín nìkan làwa mọ̀. Irọ́ ni, ó sì yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀.

Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní ìparí ọdún 1910. Ó gbẹ́lẹ̀ ní Igbó Olókun, ó rí àpáàdì ìkòkò tí gíláàsì ti yọ́ mọ́ inú wọn. Ó rí orí idẹ pẹ̀lú, ẹwà rẹ̀ sì kọjá ohun tó lè gbà pé ọwọ́ àwọn baba wa ṣe. Ó ní àwọn ará Atlantis, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí òkun gbé mì, ló ṣe é. Irú ẹjọ́ yìí kan náà ni wọ́n dá fún ògiri òkúta Zimbabwe, títí Gertrude Caton-Thompson fi sọ ọ́ gbangba ní 1929 pé iṣẹ́ ọmọ Áfíríkà ni. Wọ́n ṣì ń dá a fún àwọn Maya ilẹ̀ Mexico dòní, tí àwọn kan ń ní ẹ̀dá òfuurufú ló kọ́ ilé òkúta wọn.

Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, tí orí idẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ Atlantis kò rí ẹsẹ̀ dúró mọ́. Ti ìlẹ̀kẹ̀ ni kò kú. Àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé wọ́n yọ́ gíláàsì n'Ifẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní gíláàsì àjèjì ni wọ́n ń tún yọ́, bí àwọn Masaga, oníṣẹ́ gíláàsì ní Bídà, ṣe ń yọ́ ìgò. Àbá náà bọ́gbọ́n mu nígbà yẹn, torí ẹ̀rí kò tíì pọ̀ tó.

Ẹ̀rí dé ní 2006, nígbà tí James Lankton, Akin Ige ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Thilo Rehren tẹ àbájáde àyẹ̀wò wọn lórí gíláàsì Ifẹ̀ jáde. Àwọn tó ń ṣe gíláàsì ní Íjíbítì àti Yúróòpù ayé àtijọ́ a máa fi káún tàbí eérú ewéko mú yanrìn yọ́. Ti Ifẹ̀ yàtọ̀. Ẹfun òkúta pọ̀ nínú rẹ̀, èròjà tí wọ́n ń pè ní alumina náà pọ̀, a ò sì rí irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú gíláàsì òkèèrè ìgbà náà. Ó bá yanrìn tó ti ara òkúta akọ jẹrà mu, irú èyí tó wà káàkiri agbègbè Ifẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni awalẹ̀pìtàn Abidemi Babatunde Babalola gbẹ́ Igbó Olókun fínnífínní. Ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àpáàdì ìkòkò ìyọ́gíláàsì àti pàǹtí iṣẹ́, láti ìgbà tó wà láàárín ọdún 1000 sí 1500. Pàǹtí yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa, torí ẹni tó ń ra ìlẹ̀kẹ̀ kì í ní ìdàrọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Púpọ̀ nínú ọdún wọ̀nyí ti kọjá kí ọkọ̀ Potogí tó dé etíkun wa. Wọ́n sì ti rí ìlẹ̀kẹ̀ tí èròjà rẹ̀ bá ti Ifẹ̀ mu ní Gao, ní ilẹ̀ Mali: ọjà ló gbé wọn débẹ̀.

Ìtàn Mẹ́kà wà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921. Johnson fúnra rẹ̀ kò gba Mẹ́kà gbọ́, ọ̀nà Íjíbítì ló darí sí. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí Odùduwà ti wá, ìyẹn kò kan ìkòkò tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n sì gbé kaná n'Ifẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn àgbà Ifẹ̀ ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Wọ́n ní aya Odùduwà ni Olókun, pé igbó rẹ̀ ni ọrọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ ti ṣàn wá. Àwa la gbọ́ orúkọ òrìṣà òkun tí a yára rò pé òkè òkun ni ìlẹ̀kẹ̀ ti wá.

N kò sọ pé Ifẹ̀ ló ṣe gbogbo ìlẹ̀kẹ̀. Òkèèrè ni iyùn òkun ti wá, èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ lónìí náà sì ti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ òkèèrè wá, kò sì sí ìtìjú nínú kí oníṣòwò sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà. Ti sègi àtijọ́, aláwọ̀ aró, tí ilẹ̀ Ifẹ̀ ń pọ̀ jáde, ni à ń sọ.

Nítorí náà, kí àwọn tó ń mú àlejò kiri fi Igbó Olókun kún ìrìn ọjọ́ náà, kí wọ́n sì dé ibẹ̀ ṣáájú ọjà. Ilé ti bo púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn tó ń wú ìlẹ̀kẹ̀ tà sì ti da ilẹ̀ ibẹ̀ rú láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ìjọba Ọ̀ṣun àti ààfin fi ògiri yí ohun tó kù ká, kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó níbẹ̀ pé ilé iṣẹ́ gíláàsì ni, kí wọ́n sì fi ọ̀kan nínú àwọn àpáàdì yẹn hàn, kí àlejò lè fojú ara rẹ̀ rí gíláàsì tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀.