Bodoni: Lẹ́tà tó dára fún àkọlé, àmọ́ tó lè gbé àmì ohùn mì

Bodoni ni wọ́n ń pe irú lẹ́tà ìtẹ̀wé kan tí Giambattista Bodoni, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, gbẹ́. Ọdún 1740 ni wọ́n bí i nílùú Saluzzo. Lọ́dún 1768 ló bẹ̀rẹ̀ sí í bójú tó ilé ìtẹ̀wé Duke ìlú Parma, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi kú lọ́dún 1813. Lọ́dún 1818, ìyàwó rẹ̀, Margherita, tẹ ìwé tí wọ́n kó àwọn lẹ́tà náà jọ sí jáde.

Kò ṣòro láti dá a mọ̀. Ẹ wo 'H' ńlá: òpó méjèèjì tó dúró máa ń sanra, ìlà tó so wọ́n pọ̀ á sì tín-ín-rín bí irun.

Àkọlé ńlá àti èèpo ìwé ló yẹ ẹ́ jù. Bí wọ́n bá fi èyí tí wọ́n ṣe fún àkọlé kọ ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́, àwọn ìlà tín-ín-rín yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, pàápàá lórí bébà tí kò dán.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kan àwa tá à ń kọ Yorùbá. Àmì ohùn náà lè tín-ín-rín. Tó bá ti pòórá, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti di ọ̀kan náà nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ìwé ìpè tàbí ìwé ìròyìn, ẹ kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí wò bí lẹ́tà yín ṣe máa tóbi tó. Bí ẹ kò bá rí àmì wọn kedere, ẹ fi Bodoni mọ sórí àkọlé, kẹ́ ẹ wá lẹ́tà mìíràn fún ìyókù.