Àwọn Mẹ́wàá Tó Lo Kuníìnì Nílé-Ifẹ̀ Láìní Ibà

Láti Agboju ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, níbi tí èèyàn ti lè yà sí kẹ́míìsì, kó ní kí wọ́n bá òun di oògùn ibà, kí wọ́n sì da oríṣi mẹ́rin pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré kan fún un. Kí ni oògùn kan ń ṣe fún èkejì nígbà tí wọ́n bá pàdé nínú ara? Ilé-Ifẹ̀ ni ìtàn tòní ti wá.

Kuníìnì ti pẹ́ láyé. Láti ara èèpo igi cinchona ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ní 1854, nígbà tí Dókítà Baikie kó ọkọ̀ Pleiad gba odò Ọya lọ, kuníìnì ló lò láti dènà ibà. Àjàyí Crowther wà nínú ọkọ̀ náà.

Nígbà tó yá, oògùn HIV dé. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́, ẹ̀fọn kì í tìtorí ìyẹn yọ ọ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá wá fún un ní kuníìnì ńkọ́? Julius Soyinka, Cyprian Onyeji àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbé ìbéèrè yìí yẹ̀ wò.

Èèyàn mẹ́wàá tí ara wọn dá ṣáká yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n lo kuníìnì 600 miligíráàmù lásán. Lákòókò mìíràn, wọ́n lo ritonavir 200 miligíráàmù ní wákàtí méjìlá-méjìlá fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n sì fi kuníìnì kún un nígbà tí wọ́n dé ìlò kẹẹ̀ẹ́dógún. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 yà mí lẹ́nu: kuníìnì inú ẹ̀jẹ̀ wọn di bí ìlọ́po mẹ́rin! Enzyme kan wà nínú ẹ̀dọ̀ tó ń jẹ́ CYP3A4, òun ló ń túlé kuníìnì. Ritonavir so ó lọ́wọ́. Kuníìnì àpọ̀jù sì máa ń mú kí etí hó, kí ojú ṣú, kó sì da lílù ọkàn rú.

Ẹ má tíì lọ o. Ọdún kan ṣáájú ni wọ́n ti gbé ti nevirapine jáde, èèyàn 14 ló lò ó. Òdìkejì pátápátá! Ó mú kí ara tètè lé kuníìnì dànù. Aláìsàn lè lo oògùn rẹ̀ pé pérépéré, kí ibà má sì lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹni tára rẹ̀ le ni wọ́n lò? Ibà fúnra rẹ̀ máa ń mú kí kuníìnì pẹ́ lára, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ibà yàtọ̀ sí ti ritonavir. Lára ẹni tó le, ara rẹ̀ àná lẹ máa fi wọn tòní. Tí irú àyẹ̀wò yìí bá pẹ́ jù, inú ọjà ni wàhálà á ti bẹ́. Terfenadine wà lọ́jà Amẹ́ríkà láti 1985. 1998 ni wọ́n tó kó o kúrò, nítorí pé tó bá pàdé àwọn oògùn bíi ketoconazole, ó ń ba lílù ọkàn jẹ́.

Ní ti àwọn mẹ́wàá Ifẹ̀, ohun tí ẹ̀jẹ̀ wọn fi hàn ló mú kí àwọn olùwádìí kọ ọ́ pé ó jọ pé ó yẹ kí wọ́n dín ìwọ̀n kuníìnì kù fún ẹni tó bá ń lo ritonavir.