Ogún Ìbọn ní Ẹdẹ

Ọfà ni a fi mọ Ẹdẹ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí Tìmì Ọlọ́fà-iná, ẹni tí ìtàn wí pé Aláàfin rán wá dojú kọ àwọn Ìjẹ̀ṣà. Ìbọn dé lẹ́yìn náà. Ìró rẹ̀ ni a fi sọ ogun Kírìjì (1877–1893) lórúkọ. Bí ọdẹ bá kú, oko rẹ̀ ṣeé pín ní ìdí-igi, ṣùgbọ́n ta ni yóò la ṣakabùlà sí méjì? Ọmọ tí ó ń ṣọdẹ ni a sábà ń fà á lé lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ ṣe àkọ́bí. Àwa sì gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìbọn ti 1959 béèrè ìwé àṣẹ fún ṣakabùlà pàápàá. Orúkọ bàbá ni ó wà lára ìwé náà. Bí ọmọ kò bá gba tirẹ̀, ohun tí bàbá fi ṣọ́ ilé lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n.