This Old House àti Àwọn Òǹwòran Rẹ̀

This Old House, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ “Ilé Àtijọ́ Yìí”, ni ètò orí tẹlifíṣàn tí ilé-iṣẹ́ WGBH ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1979, tí PBS sì gbé káàkiri orílẹ̀-èdè náà lẹ́yìn èyí. Iṣẹ́ tí ó yàn láàyò kò ju ẹyọ kan lọ: kí a mú ilé tí ó ti gbó, kí a tú ibi tí ó ti jẹrà palẹ̀, kí a sì tún un ṣe lójú gbogbo ayé, láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ìtàn ètò yìí kò ṣeé sọ tán bí a kò bá sọ ti àwọn òǹwòran rẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n gbà á bí ẹni gba ọmọ tọ́: wọ́n yìn ín nígbà tí ó ṣe dáadáa, wọ́n sì bá a wí nígbà tí wọ́n rò pé ó fẹ́ ṣìnà.

Russell Morash, ẹni tí ó ti gbé ètò ìdáná Julia Child jáde ṣáájú, ni ó dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti tún ilé àtijọ́ tirẹ̀ ṣe ní Lexington. Káfíńtà kan tí ń jẹ́ Norm Abram ni ó bá a kọ́ ilé iṣẹ́ ọwọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí Morash wo ilẹ̀, ó rí i pé òkìtì àkékù pákó tí ọkùnrin náà ní kéré jọjọ, ó sì mọ̀ pé oníṣẹ́ tí ń wọn igi kí ó tó gé e ni òun bá pàdé. Bob Vila di atọ́kùn, Abram di ọ̀gá káfíńtà, wọ́n sì fi ìpín 13 tún ilé kan tí ó ti bàjẹ́ ṣe ní Dorchester.

Àwọn agbaṣẹ́ṣe ìkọ́lé kan kọ́kọ́ fajú ro. Ẹ̀rù bà wọ́n pé ètò náà yóò tú àṣírí iṣẹ́ wọn sí gbangba, nítorí awo ní í gbé awo ní ìgbọ̀nwọ́, bí awo kò bá gbé awo ní ìgbọ̀nwọ́, awo a tẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ba oníṣẹ́ lẹ́rù ni ó dùn mọ́ onílé nínú: ẹni tí ó ti rí bí a ṣe ń yẹ òpó wò bóyá ó ti jẹrà nísàlẹ̀, àti bí páìpù ṣe ń gba inú ògiri kọjá, ti mọ ohun tí ó yẹ kí òun béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ òun. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Nínú gbogbo wọn, Abram, agbẹ́gi-má-fi-ṣòfò, ni ọkàn àwọn òǹwòran fà mọ́ jù. Ọkùnrin onírùngbọ̀n yìí kì í kánjú, kì í sì í pariwo. Nígbà tí ó ní ètò tirẹ̀, The New Yankee Workshop, láti 1989 títí di 2009, ó máa ń kọ́kọ́ rán àwọn òǹwòran létí pé kí wọ́n wọ jígí tí ń dáàbò bo ojú kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì mọ ìkìlọ̀ náà sórí bí ọmọdé ṣe ń mọ orin àlọ́. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Òkìkí náà kàn tó bẹ́ẹ̀ tí eré apanilẹ́rìn-ín Home Improvement, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, fi ṣe àwòkọ irú ètò bẹ́ẹ̀, Vila fúnra rẹ̀ sì yọjú nínú rẹ̀.

Ní 1989, WGBH yọ Vila, nítorí pé ó ṣe ìpolówó fún ilé ìtajà ohun èlò ìkọ́lé kan tí ó ń bá onígbọ̀wọ́ ètò náà du ọjà. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá: Steve Thomas gba ipò rẹ̀ títí di 2003, ètò náà kò sì wó.

Ẹ̀sùn tí ó pẹ́ jù lẹ́nu àwọn òǹwòran ni ti owó. Àwọn tí ó rántí ilé Dorchester rí i pé àwọn ilé tí a ń tún ṣe ń tóbi sí i, ìnáwó wọn sì ń ga ju apá olówó-oṣù lọ. Wọ́n ní ẹni tí òrùlé tirẹ̀ ń jò kò lè fi ilé ọlọ́rọ̀ kọ́gbọ́n. Ẹ̀sùn náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Síbẹ̀ ètò náà lọ sí New Orleans ní 2008, níbi tí ìjì Katrina ti ba ilé àwọn ènìyàn jẹ́, ó sì tún ilé kan tí báńkì ti gbà lọ́wọ́ onígbèsè ṣe ní Roxbury ní 2009.

Ẹ̀rí tí ó tóbi jù lọ nípa àjọṣe ètò yìí àti àwọn òǹwòran rẹ̀ ni Kevin O'Connor. Òṣìṣẹ́ báńkì ni; òun àti ìyàwó rẹ̀ ra ilé àtijọ́ ní Beverly, ní Massachusetts, bébà ara ògiri sì dá wọn lágara, wọ́n wá kọ̀wé sí ètò náà fún ìrànlọ́wọ́. Àwọn oníṣẹ́ wá bá wọn nílé, wọ́n ya iṣẹ́ náà sí fíìmù, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ní kí O'Connor wá di atọ́kùn, ipò tí ó wà láti 2003. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kí ó dúró ti káfíńtà, kí ó sì máa béèrè ohun tí onílé tí kò mọ iṣẹ́ yóò fẹ́ béèrè, nítorí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ó gbé e débẹ̀.