Kí Google tó dé ni àwọn ìyálọ́jà ti ń sọ aṣọ lórúkọ: Ìtàn ankara Yopougon àti bí oníbàárà ṣe ń rí ọjà

Ẹni tó bá wọ ọjà Adjamé nílùú Abidjan láti ra aṣọ kì í bèèrè nọ́ńbà.

Iléeṣẹ́ tó tẹ aṣọ náà ní nọ́ńbà tó fi ń mọ àrà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n inú ìwé iléeṣẹ́ ni nọ́ńbà yẹn ń gbé. Ohun tí oníbàárà máa bèèrè ni "Mon mari est capable", ìyẹn "apá ọkọ mi ká a". Ẹlòmíràn á ní "L'œil de ma rivale" ni òun fẹ́, ìyẹn "ojú orogún mi". Bí ìyálọ́jà bá ti gbọ́ orúkọ, ó ti mọ ibi tó máa nawọ́ sí.

Lára ibi tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ti ń jáde ni Uniwax, iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967, tó wà ní àgbègbè àwọn iléeṣẹ́ ńlá ní Yopougon, ní ìwọ̀ oòrùn Abidjan.

Lónìí, ẹni tó ń wá aṣọ lè má dé Adjamé rárá. Ó lè wà ní Èkó, ní Cotonou tàbí ní Peckham nílùú London, kó fa fóònù yọ, kó tẹ ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sínú Google. Ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta yẹn ló máa sọ bóyá iléeṣẹ́ tó ṣe aṣọ ni yóò kọ́kọ́ rí, tàbí ẹni tó ń ta ayédèrú rẹ̀.

Orúkọ ló ń tà á

Àwọn tó ń gbé Yopougon ju mílíọ̀nù kan àbọ̀ lọ nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2021. Ọ̀pọ̀ tí kò dé ibẹ̀ rí mọ orúkọ rẹ̀ nítorí "Aya de Yopougon", ìwé aláwòrán tí Marguerite Abouet kọ nípa ayé àwọn ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò náà. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ fàájì tí wọ́n mọ̀ ọ́n fún, ibi iṣẹ́ ni. Níbẹ̀ ni iléeṣẹ́ Cargill ti ń lọ kòkó, níbẹ̀ náà ni Uniwax ti ń tẹ aṣọ.

Aṣọ tí Yorùbá ń pè ní ankara yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Áfíríkà láti ìbẹ̀rẹ̀. Batik tí wọ́n ń ṣe ní Java, ní ilẹ̀ tó di Indonesia lónìí, ni àwọn ará Netherlands fẹ́ máa fi ẹ̀rọ ṣe. Vlisco, tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú Helmond lọ́dún 1846, wà lára wọn. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni aṣọ náà ti wá rí ilé.

Àwọn òyìnbó ló ń ya àrà ara aṣọ, àmọ́ ọwọ́ àwọn obìnrin ọjà ni orúkọ ti ń wá. Ní Lomé, àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní Nana Benz, nítorí ọkọ̀ Mercedes-Benz tí wọ́n ń rà, ní ẹ̀tọ́ láti dá nìkan ta àwọn àrà kan. Bí àrà tuntun bá dé, wọ́n á wò ó, wọ́n á ronú sí ohun tó ń lọ láàárín ìlú, wọ́n á wá fún un ní orúkọ tó máa wọ obìnrin lára. Aṣọ ẹṣin tó ń fò di "Je cours plus vite que ma rivale", eré mi yá ju ti orogún mi lọ. Èyí tó ní ẹyẹ àti àgò di "Si tu sors, je sors", bí o bá jáde, èmi náà á jáde. Ẹni tó bá ró o kò tún nílò láti bá ọkọ rẹ̀ ṣàlàyé kankan.

Yorùbá mọ irú èyí dáadáa. Aládìrẹ náà kì í ta "aṣọ aláwọ̀ aró", Ìbàdàndùn ni wọ́n ń tà, tàbí Olókun, tàbí Ṣúnbẹ̀bẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira, àwọn ìjọba fẹ́ kí aṣọ náà máa jáde nílé. Iléeṣẹ́ GTP dé sí Tema ní Ghana lọ́dún 1966, Uniwax sì tẹ̀ lé e lọ́dún kejì. Àwọn méjèèjì wà lábẹ́ ẹgbẹ́ Vlisco lónìí.

Ọmọ Barbados ló kọ́kọ́ ṣe é

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ ìṣàwárí fún íńtánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ará Amẹ́ríkà. Alan Emtage, ọmọ Barbados, ló ṣe é lọ́dún 1990 nígbà tó wà ní Yunifásítì McGill nílùú Montreal, lórílẹ̀-èdè Canada. Archie ni orúkọ rẹ̀. Emtage kò gba ìwé ẹ̀tọ́ oníhun lé e lórí, torí náà ẹnikẹ́ni ló lè kọ́lé sórí ìpìlẹ̀ tó fi lélẹ̀.

Orúkọ fáìlì nìkan ni Archie mọ̀. Kò lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tó gbé fáìlì síbẹ̀ bá sọ ọ́ lórúkọ tí kò nítumọ̀, ó ti sọnù nìyẹn, bó ti wù kí ohun inú rẹ̀ dára tó. Àwọn ìyálọ́jà Lomé ìbá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Lóṣù Kìíní ọdún 1994, wọ́n dín iye owó CFA kù sí ìdajì. Franc kan ti ilẹ̀ Faransé, tó jẹ́ 50 CFA tẹ́lẹ̀, di 100 CFA mọ́jú. Aṣọ tó ń bọ̀ láti Netherlands wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ oníbàárà, agbára àwọn Nana Benz sì bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Nígbà tó yá, aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti ilẹ̀ Éṣíà gba ọjà kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àdàkọ àrà tó ti lórúkọ tẹ́lẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni Jerry Yang àti David Filo, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Stanford, bẹ̀rẹ̀ Yahoo. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń to ojú òpó sínú rẹ̀ nígbà yẹn, bí ẹni ń to ìwé sí orí pẹpẹ. Iléeṣẹ́ Abidjan tí ẹnikẹ́ni kò bá fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ kò sí níbẹ̀.

AltaVista dé lóṣù Kejìlá ọdún 1995, òun sì lè ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lójú òpó. Ibẹ̀ ni àgálámàṣà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣòwò á kọ ọ̀rọ̀ kan ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, wọ́n á fi lẹ́tà funfun kọ ọ́ sórí funfun kí ènìyàn má bàa rí i, kí ẹ̀rọ nìkan rí i. Bíi kí ẹni tó ń ta ẹ̀wà jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó máa pariwo "ẹran rè é o!" ni.

Larry Page àti Sergey Brin, tí wọ́n dá Google sílẹ̀ lọ́dún 1998, gba ọ̀nà mìíràn yọ. Wọ́n ní ohun tí ojú òpó kan sọ nípa ara rẹ̀ kò tó, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ nípa rẹ̀. Bí ojú òpó mìíràn bá fi líǹkì tọ́ka sí ọ, ó ti jẹ́rìí fún ọ. Ẹ̀rí ẹni tí ọ̀pọ̀ ti jẹ́rìí fún sì wúwo ju ti ẹni tẹ́nikẹ́ni kò mọ̀. Ọgbọ́n ọjà ni èyí: ẹni tó bá fẹ́ àwìn lọ́dọ̀ alágbàtà tuntun, ẹni tó mú un wá ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè.

Wọ́n tún ba ìyẹn náà jẹ́. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀rí, wọ́n ń sanwó kí ojú òpó tí kò mọ̀ wọ́n rí máa tọ́ka sí wọn. Oṣù Kẹrin ọdún 2012 ni Google gbé ètò tí wọ́n pè ní Penguin jáde láti dẹkùn mú wọn, ọ̀pọ̀ ojú òpó tó wà lókè sì já wálẹ̀. Títí di òní ni àwọn kan ṣì ń lọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, tí wọ́n ń ṣèlérí ipò kìíní. Google fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà irú ìyẹn, àti pé òun kì í gbowó láti fi ojú òpó sínú àbájáde tí kì í ṣe ìpolówó.

Aṣọ kan, orúkọ mẹ́ta

Ìparí orúkọ ojú òpó Côte d'Ivoire, .ci, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1995. Abidjan.net, tó di gbajúgbajà ojú òpó ìròyìn ibẹ̀, jáde ní 1998, ọdún tí Google náà jáde. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé Abidjan pẹ́ dé.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti èdè. Ní Abidjan, "pagne" ni wọ́n ń pe aṣọ yìí, tàbí "wax". Ní Èkó àti Ìbàdàn, ankara ni. Ojú òpó tó bá kọ "tissu imprimé 100 % coton" nìkan, èdè iléeṣẹ́ ló ń sọ, bíi nọ́ńbà inú ìwé yẹn. Obìnrin tó ń wá ankara fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kò ní tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láéláé.

Àwọn tó mọ èyí jù lọ ni àwọn ará Èjìgbò. Láti ìlú yìí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà ní Abidjan ti lọ, tí wọ́n ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìran dé ìran, táwọn onílé sì ń pè wọ́n ní Anago. Owó CFA àti èdè Faransé kì í ṣe àjèjì ní Èjìgbò fúnra rẹ̀. Èjìgbò kan lè sọ "pagne" fún oníbàárà tó wà níwájú rẹ̀, kó gbé fóònù, kó sì sọ "ankara" fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. Bí Google ṣe ń gbìyànjú tó láti mọ ọ̀rọ̀ tó jọra, ojú òpó díẹ̀ ló ń sọ èdè méjèèjì bíi tirẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń pa àwọn oníṣòwò lára láìfura. Ọ̀pọ̀ ń kọ orúkọ aṣọ, iye rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù sínú àwòrán ìpolówó, wọn kò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan sí ìta àwòrán náà. Ènìyàn lè kà á, ṣùgbọ́n kò dájú pé ẹ̀rọ yóò kà á. Ẹ̀rí tó yẹ kó gbé wọn lárugẹ náà sì wà níbi tí Google kò lè dé: inú WhatsApp ni telọ ti ń yin aṣọ fún oníbàárà rẹ̀, inú ẹgbẹ́ aṣọ ẹbí ni wọ́n ti ń júwe ẹni tó ń tà á. Ọ̀rọ̀ rere tó ń lọ níbẹ̀ lójúmọ́ pọ̀, àmọ́ kò sí èyí tó di líǹkì.

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2015 ni Google ti ń fi ojú òpó tó rọrùn lórí fóònù ṣíwájú fún àwọn tó ń fi fóònù wá nǹkan. Ojú òpó tí àwòrán rẹ̀ wúwo á jẹ dátà oníbàárà tán kó tó ṣí. Àwọn tó rántí ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, nígbà tí okùn íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já lẹ́bàá Côte d'Ivoire, tí ìṣòro náà sì dé àwọn báńkì Nàìjíríà, mọ bí sùúrù oníbàárà ṣe kéré tó.

"Ní Siporex ni kí o ti sọ̀kalẹ̀"

Bí wọ́n bá fẹ́ júwe ọ̀nà ní Yopougon, wọn kì í sọ nọ́ńbà ilé. Wọ́n á ní kí o sọ̀kalẹ̀ ní Siporex, oríta ńlá tí wọ́n fi orúkọ iléeṣẹ́ pè, kí o wá bèèrè láti ibẹ̀. Lẹ́tà kì í dé ẹnu ọ̀nà, inú àpótí ìfìwéránṣẹ́, BP, ni wọ́n ti ń lọ mú un.

Nígbà tí Google sọ ètò fífi iléeṣẹ́ sórí máàpù ní Google My Business lọ́dún 2014, ọ̀nà kan gbòógì tó fi ń mọ̀ pé iléeṣẹ́ wà lóòótọ́ ni káàdì tó ń fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà àṣírí. Ètò tó bá Helmond mu, tí kò bá Yopougon mu rárá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọ̀nà fóònù àti fídíò kún un. Iléeṣẹ́ tó bá ti kọ "lẹ́bàá oríta Siporex" sójú òpó rẹ̀, bí awakọ̀ ṣe ń sọ ọ́, ti ran oníbàárà lọ́wọ́ ju ẹni tó kọ nọ́ńbà BP nìkan lọ.

Láti ọdún 2017 ni Google Lens ti wà. Ẹni tó bá rí aṣọ lára ẹlòmíràn lóde àríyá lè yà á ní fọ́tò, kó sì fi fọ́tò náà wá a láìtẹ ọ̀rọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n àdàkọ àti ojúlówó jọra nínú fọ́tò, nítorí ìdí tí wọ́n fi ṣe àdàkọ nìyẹn. Ẹ̀rọ á kó àwọn méjèèjì jáde pọ̀.

Ní Adjamé, ẹni tó mọ aṣọ á fa etí rẹ̀ jáde, á ka orúkọ iléeṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, á fọwọ́ ra á wò, á yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà bóyá àwọ̀ náà dé ibẹ̀ dọ́gba. Àwọn aládàkọ náà ti ń tẹ orúkọ sí etí aṣọ. Ìyálọ́jà á tún un fọwọ́ rà.